Dámárísì Èèyàn, Dámárísì Irin

Bí ó bá ń ṣe ẹnikẹ́ni bíi kó rí ìbínú lójúkojú, kó dé Ìlọ́fà, kó béèrè ilé Dámárísì Ọláoyè, agbẹ̀bí, kó wọlé, kó sì sọ fún un pé, "Màmá, mo rí yín nínú kàlẹ́ńdà." Ṣùgbọ́n kó tó la ẹnu, kó ti mọ ọ̀nà tí yóò gbà jáde.

Obìnrin náà kò burú. Láti ọdún 1961 ló ti ń gbẹ̀bí nílé ìgbẹ̀bí ìjọ tó wà ní Ìlọ́fà, ó sì máa ń lọ sí Òsí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì láti lọ wo àwọn aboyún ibẹ̀. Mùsùlùmí pè é, ó lọ. Áńgílíkà pè é, ó lọ. Àwọn Aládùúrà tó ní àwọn kì í lo oògùn, bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, wọ́n a gba ẹ̀yìnkùlé wá pè é, ó sì ń lọ. Òṣùwọ̀n ọmọ kan wà tó máa ń gbé kiri, irú èyí tí wọ́n ń fi ìkọ́ rọ̀ sókè, tó ní ojú bíi ti agogo ògiri. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí sí i lọ́wọ́ tí kì í gbé kọ́ òṣùwọ̀n yẹn. Ó ní ẹnu lè purọ́, ojú lè tan ni jẹ, ṣùgbọ́n ohun tó bá wúwo, ó wúwo náà ni.

Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ àwọn òkè tó wà láàrin Ìlọ́fà sí Òsí mọ̀ pé èèyàn kì í gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, títì lèèyàn ń tì í. Lọ́dún 1975, Jáfẹ́tì ọkọ rẹ̀, tó ń kọ́ni ní Ọ̀bọ̀-Ayégúnlẹ̀, gba owó Údójì, àjẹmọ́nú tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi tiwọn ra rédíò tó tóbi bíi pósí. Jáfẹ́tì fi tirẹ̀ ra máṣíìnì, alùpùpù gidi, fún ìyàwó.

Tánsúrì Tọ́ọ̀rà ni orúkọ tí wọ́n kọ sára tánkì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tóbi, kò sì wọ́n bíi ti àwọn máṣíìnì ńláńlá, ṣùgbọ́n àga rẹ̀ gùn, tánkì rẹ̀ ń gba epo púpọ̀, gíláàsì wà níwájú rẹ̀ tó ń gba ẹni lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ àti kòkòrò, ó sì ní kẹ́ríà tó lè gba àpò obì kan. Wọ́n ní ìtumọ̀ Tọ́ọ̀rà ni ẹni tó ń rìnrìn àjò. Mẹ̀kúnnù ni wọ́n ní àwọn ṣe é fún, kí mẹ̀kúnnù náà lè lọ síbi tó jìn, kó sì padà wálé. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn: kó padà wálé.

Jáfẹ́tì fúnra rẹ̀ kò mọ máṣíìnì gùn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyàwó á wà níwájú, ọkọ á wà lẹ́yìn, á fi ọwọ́ kan di fìlà mú, á fi ìkejì di ìyàwó mú. Àwọn èèyàn á máa pariwo tẹ̀ lé wọn pé, "Tíṣà, ẹ dì í mú dáadáa o! Bó bá já yín sílẹ̀, a ò ní gbé yín o!" Jáfẹ́tì á dáhùn láìwẹ̀yìn pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn ni mo káàánú."

Ìparí ọdún 1977 ni kọ́ńpìnnì Tánsúrì rán ayàwòrán kan wá. Wọ́n ti gbọ́ ní ọ́fíìsì wọn ní Ìlọrin pé agbẹ̀bí kan ń gun máṣíìnì wọn láàrin àwọn òkè. Ayàwòrán náà bá Dámárísì lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kó wọ aṣọ funfun rẹ̀, kó jókòó sórí máṣíìnì, kí òkè Ìlọ́fà wà lẹ́yìn rẹ̀. Dámárísì rò pé ó kàn fẹ́ fi han àwọn ọ̀gá rẹ̀ ni. Ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín, ayàwòrán yà á, ó dúpẹ́, ó lọ. Lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀ ni kàlẹ́ńdà dé. Dámárísì rèé gbàgàdà lórí rẹ̀, gbogbo eyín síta. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: "Ó gbé e dé. Yóò gbé ìwọ náà dé." Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ tàbí kò fẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, inú rẹ̀ dùn nígbà náà. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Kàlẹ́ńdà yẹn wà nínú ilé ìtàjà, ó wà lára ògiri àwọn tíṣà, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn onígbàjámọ̀ láti Òsí títí dé Odò-Ọ̀wá.

Níbí yìí, nǹkan tuntun kì í pẹ́ kó tó lórúkọ. Aṣọ tuntun a lórúkọ, irú ẹ̀gẹ́ tuntun a lórúkọ. Orúkọ òyìnbó tó wà lára tánkì yẹn kò rọ àwọn àgbà lẹ́nu. Bí wọ́n bá bi ẹnì kan pé èwo ló rà, á ní, "Èyí tí Dámárísì ń gùn." Kò pẹ́ tí wọ́n fi gé e kúrú: "Dámárísì ni mo rà." Nígbà tó fi máa di ọdún 1980, àwọn tíṣà Odò-Ọ̀wá ti ní Dámárísì, kátíkísì Ìsòlò-Ọ̀pin ní Dámárísì, ẹni tó bá fẹ́ gbéyàwó á lọ yá Dámárísì. "Dámárísì mi kọ̀, kò dún láàárọ̀ yìí." "Lọ fọ Dámárísì kó o tó jẹun." Agbẹ̀bí á gbọ́, á rẹ́rìn-ín, á ní ẹ má gbàgbé láti fọ ẹ̀yìn etí òun náà.

Ọlá ni wọ́n fi ìyẹn bù fún un. Wọn ò mọ̀ pé bí èèyàn bá gbé orúkọ ẹni fún ohun tí kò mọ inú rẹ̀, lọ́jọ́ tí nǹkan náà bá ṣìkà, ẹni tó lórúkọ ni yóò rù ú. Dámárísì pàápàá kò mọ̀.

Hassan, oníṣòwò obì ní Òsí, ló wá bá a lọ́jọ́ Ẹtì kan, níparí ọdún 1980. Ọwọ́ Dámárísì ni Álímátù ìyàwó rẹ̀ ti bí gbogbo ọmọ mẹ́ta tí wọ́n ní. Nígbà ìkẹta, ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé obìnrin náà lọ, ọwọ́ Dámárísì ló dá a dúró. Láti ọjọ́ náà, Hassan kì í tà fún un ní obì, fífún ló ń fún un.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì," Hassan ní, "mo fẹ́ ra orúkọ yín."

"Kí lo fẹ́ fi orúkọ mi ṣe?"

"Mo fẹ́ máa gùn ún lọ Ìlọrin ni." Àwọn aboyún tó wà níjòókòó bú sẹ́rìn-ín. Hassan náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tún rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa," Dámárísì ní. "Ọdún kẹfà ń bọ̀, kò já mi kulẹ̀ rí."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Òótọ́ ló sì sọ o. Máṣíìnì tirẹ̀ kò já a kulẹ̀ rí.

Hassan ra tirẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1981. Ní oṣù kẹfà, ó ń bọ̀ láti Ìsòlò-Ọ̀pin láàárọ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ odò. Kò sáré. Òjò kò rọ̀. Olóyèdé tí ilé wọn jọ fara kanra wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí Dámárísì tirẹ̀, ó sì rí gbogbo rẹ̀. Irin méjì tó di táyà iwájú mú, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fọ́ọ̀kì, kán lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan náà. Táyà lọ tirẹ̀, máṣíìnì fi imú gúnlẹ̀, Hassan sì fi orí lọ bá òkúta. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí wọ́n fi gbé e délé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì.

Lẹ́yìn ìrun aláásárì ni wọ́n sin ín. Dámárísì gbọ́ ní Ìlọ́fà, ó sáré wá láìbọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé òkú nígbà tí àwọn àlejò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Ìlọrin, àwọn tó ń bá Hassan dòwò. Ọ̀kan nínú wọn bi àwọn obìnrin tó wà níta pé, "Kí ló pa á?"

"Dámárísì ni," obìnrin kan dáhùn.

"Ta ni ń jẹ́ Dámárísì?" Ọkùnrin náà fi ìbínú gbé irun ojú sókè. "Ṣé ọlọ́pàá ti mú un?"

Ráfíátù, ìyá Hassan, jókòó sórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí aṣọ funfun lẹ́nu ọ̀nà. "Ọlọ́pàá kí?" ó ní. "Òun rèé í bọ̀ nínú ulé mi yìí. Ìwọ, Dámárísì! Ṣé ìwọ kọ́ lọ́mọ mi bi, tó o ní ó dáa? Ukú lo tà fún un! Má wọ ulé mi o. Ọwọ́ rẹ ò ní kan ohunkóhun nínú ulé yìí mọ́ láéláé!"

Gbogbo ojú yí sí i. Dámárísì dúró síbẹ̀. Ó ń gbọ́ ẹkún Álímátù láti inú yàrá. Oyún oṣù mẹ́rin wà nínú obìnrin náà. Dámárísì mọ̀, nítorí òun ló sọ fún un. Ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀, àwọn èèyàn sì ya fún un bí ìgbà tí wọ́n ń ya fún ohun tó ń rùn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà bó ṣe rí. Kò sẹ́ni tó lé Dámárísì nílùú. Wọ́n kàn dẹ́kun wíwá ni. Lọ́jọ́ Ẹtì, níbi tí aboyún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti máa ń jókòó ní Òsí, méjì ló rí, àwọn méjèèjì sì ń wo ilẹ̀. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ fún ọmọ òun lọ́la pé Dámárísì ló gbà á? Orúkọ náà ti di èpè. Àwọn ọmọdé ń ṣépè fún ara wọn pé, "Dámárísì ni yóò gbé ọ!" Fọ́ọ̀kì máṣíìnì kátíkísì kán ní oṣù keje, apá kátíkísì náà kán, orúkọ náà sì tún wúwo sí i. Inú bí Dámárísì tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ fi ń korò lẹ́nu rẹ̀. Ó bínú sí Ráfíátù, ó bínú sí ìlú, ó bínú sí Jáfẹ́tì tó ní kó fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. "Ọlọ́run kọ́ ló wà lórí kàlẹ́ńdà," ó ní. "Èmi ni." Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lábẹ́ ìbínú náà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Álímátù ni. Oṣù ń lọ, oyún ń dàgbà, obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé lọ rí sì wà nínú ilé tí òun kò gbọ́dọ̀ wọ̀.

Súlàímánù tó ń jó irin pọ̀ ní Òsí ló wá bá a ní oṣù kẹjọ. Wọ́n ti kó irin máṣíìnì Hassan wá fún un pé kó fi rọ ohun tó bá wù ú. Ó fi àpò wé fọ́ọ̀kì tó kán, ó gbé e wá sí Ìlọ́fà.

"Ìyá, ẹ wá wo urin yìí," ó ní. "Uṣẹ́ mi ni, mo mọ urin. Èyí kì í ṣe ọmọ ìyá tiyín."

Dámárísì wò ó. Lójú, wọn ò yàtọ̀. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ọwọ́ mi ló sọ fún mi."

"Ọwọ́ lè purọ́," Dámárísì ní. Ó wọlé, ó gbé òṣùwọ̀n ọmọ jáde, ó sì ní kó tú fọ́ọ̀kì lára máṣíìnì òun. Súlàímánù tú u. Wọ́n so òṣùwọ̀n mọ́ ẹ̀ka igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n gbé fọ́ọ̀kì tirẹ̀ kọ́ ọ. Kílò mẹ́jọ. Wọ́n gbé ti Hassan kọ́ ọ, kò sí ègé kankan tó ṣẹ́kù sílẹ̀ nínú rẹ̀. Kílò mẹ́fà.

Súlàímánù fi ayùn rẹ́ ti Hassan láàrin, ó ní kó fi ìka kàn án. Irin náà fẹ́lẹ́ bí agolo mílíìkì. "Wọ́n ti dín in kù," ó ní. "Àwọn tó kọ́kọ́ dé nípọn. Àwọn tó dé lẹ́yìn kàlẹ́ńdà, wọ́n ti dín in kù."

Dámárísì tún wo òṣùwọ̀n. Kílò méjì. Òun tó ń wọn ọmọ mọ ohun tí kílò méjì jẹ́. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé nìyẹn, ọmọ tí èèyàn ń fi òwú wé, tí wọ́n ń jí wò ní gbogbo ìgbà bóyá ó ṣì ń mí. Ohun tí wọ́n yọ kúrò lára irin Hassan nìyẹn. Wọ́n wá fi ojú òun sí i, pé ó ń gbé ni dé.

Òun àti Súlàímánù wọ ọkọ̀ lọ Ìlọrin, fọ́ọ̀kì méjèèjì nínú àpò, òṣùwọ̀n lórí itan rẹ̀. Ọ́fíìsì kọ́ńpìnnì tutù, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán. Máníjà kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun dìde nígbà tó rí i, ó sì pàtẹ́wọ́. "Háà! Màmá Kàlẹ́ńdà! Ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀!" Lẹ́yìn rẹ̀ lára ògiri, Dámárísì ń rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń lo àwòrán kan náà, iye ọdún nìkan ni wọ́n ń yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kò jókòó. Ó fi ìkọ́ òṣùwọ̀n kọ́ irin fèrèsé, ó gbé èkíní kọ́ ọ, ó gbé èkejì kọ́ ọ. "Ẹ kà á," ó ní.

Máníjà kà á. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀, ó sì tún padà. "Màmá, tuntun yàtọ̀ sí ti àtijọ́ ni. Wọ́n mú un fúyẹ́ kó má baà máa jẹ epo. Ọ̀nà tiyín lọ́hùn-ún ló burú."

"Nígbà tẹ́ ẹ wá ya àwòrán, ṣé ọ̀nà tiwa dára?"

"Màmá, ẹ ní sùúrù."

"Èèyàn kan ti kú. Kátíkísì kan ti dá lápá. Wọ́n ní Dámárísì ló pa á. Ẹ kọ̀wé pé kí gbogbo ẹni tó ra èyí tó fẹ́lẹ́ gbé e padà wá, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ sì yọ ojú mi kúrò."

Máníjà náà mí kanlẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọdé wí. "Màmá, àwa ò sọ máṣíìnì wa ní Dámárísì rí o. Ẹ wo ara tánkì. Tánsúrì Tọ́ọ̀rà la kọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún lẹ fún un lórúkọ yín, ẹ̀yin lẹ sì ń fi orúkọ yín ṣépè. Èwo ni tiwa níbẹ̀? Ṣùgbọ́n nítorí ẹ̀yin ni, a lè fún yín ní ọ̀kan tuntun lọ́fẹ̀ẹ́."

Ohun tó dun Dámárísì jù lọ ni pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Irọ́ ì bá rọrùn láti gbá létí. Òun náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń pe máṣíìnì bẹ́ẹ̀. Ó wo àga tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, ó wo ilẹ̀ tó ń dán, ó rántí òkúta ẹ̀bá odò. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó kọjá sẹ́yìn tábìlì, ó yọ kàlẹ́ńdà lára ògiri, ó ká a, ó fi há abíyá.

"Màmá, ti kọ́ńpìnnì nìyẹn o," máníjà ní.

"Ojú mi ni," Dámárísì ní, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ ọjà Òsí tó tẹ̀ lé e, ó so òṣùwọ̀n mọ́ igi tó wà láàrin ọjà. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé irin àkọ́kọ́ kọ́ ọ, ó gbé èkejì kọ́ ọ, ó sì pariwo débi tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ọjà fi gbọ́. "Ẹ wá wò ó! Èyí ni tèmi, èyí ni ti Hassan. Kílò méjì ni wọ́n jí lára rẹ̀! Ẹ wá wo ohun tó pa á! Èmi mo sọ pé ó dáa, tèmi ni mo mọ̀, mi ò mọ̀ pé wọ́n ti fi tèmi tan yín jẹ. Mo jẹ̀bi ìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ní irú rẹ̀, kó gbé e lọ bá Súlàímánù lónìí, kó tó gùn ún délé!"

Àwọn èèyàn wá. Wọ́n tẹjú mọ́ òṣùwọ̀n, wọ́n fi ìka kan ojú ibi tí Súlàímánù ti rẹ́ ẹ. Máṣíìnì mẹ́tàdínlógún ni Súlàímánù fi irin tó nípọn há lọ́rùn láàrin oṣù yẹn, ti Olóyèdé wà nínú wọn, ó sì dá fọ́ọ̀kì Dámárísì padà sára máṣíìnì rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó tún ṣubú. Ráfíátù wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, níbi tó ti ń ta iyọ̀ àti ata gbígbẹ. Ó wo òṣùwọ̀n láti òkèèrè, ó wò ó pẹ́, ó sì palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó wá tọrọ àforíjì? Àwa èèyàn yìí! A lè fi orúkọ ẹni ṣépè ní gbangba, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ la fi ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn aboyún díẹ̀ padà. Orúkọ kò padà. Máṣíìnì ṣì ni Dámárísì, àwọn ọmọdé sì ṣì ń fi ṣépè. Nínú ilé Ráfíátù pàápàá, ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ti lo orúkọ náà fún èèyàn gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ajé ni, ní oṣù kẹwàá, lọ́sàn-án, òjò ń rọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Oyún Álímátù kò tíì pé nígbà tí ìrọbí mú un. Ráfíátù ń fi omi gbígbóná jó o nídìí, ó ń ṣe tírà, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run. Nígbà tó pẹ́ tí ọmọ kò wá, Álímátù di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú, ó kígbe pé, "Ẹ bá mi mú Dámárísì wá! Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ bá mi mú Dámárísì wá!"

Ká ní ó sọ pé ẹ pè é ni, kì bá tí sí àṣìṣe. Èèyàn là ń pè. Ṣùgbọ́n "mú wá" ló sọ, èèyàn àti nǹkan la sì lè mú wá. Orúkọ ohun tó pa ọmọ rẹ̀ ni Ráfíátù gbọ́, ó sì rò pé obìnrin náà fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sí ọsibítù ńlá ni. Ó gbé ìkórìíra rẹ̀ mì, ó sáré jáde sínú òjò, ó ń lu ilẹ̀kùn ilé kejì. "Olóyèdé! Olóyèdé o! Mú Dámárísì rẹ wá, kíá!"

Olóyèdé ti máṣíìnì jáde. Ó kọ̀, kò dún, òjò ti wọ̀ ọ́. Ó ń tàpá sí i, ó ń tàpá sí i, Ráfíátù ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dún tán, ó gùn ún wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọlé lọ gbé Álímátù. Wọ́n ti gbé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó rí ohun tó dúró nínú òjò, tó ń gbọ̀n rìrì, tó ń tú èéfín. Ó di òpó ilé mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Kí nìyí?" ó ké. "Kí lẹ gbé wá?"

"Dámárísì tó o ní ká mú wá ni," Ráfíátù ní.

"Dámárísì èèyàn!" Álímátù pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn rẹ̀ fi ya. "Dámárísì èèyàn ni mò ń wí! Èyí tó gba ọmọ mi! Ṣé ẹ ti gbàgbé pé èèyàn ni?"

Ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ráfíátù rí i, ó yíjú sí Olóyèdé. "Lọ," ó ní. "Lọ pè é."

Àkókò tí wọ́n fi ń ti irin kiri nínú òjò yẹn ti tó láti pa èèyàn méjì.

Bí Dámárísì ṣe gun máṣíìnì rẹ̀ láti Ìlọ́fà dé Òsí nínú òjò yẹn, òun nìkan ló mọ̀. Ó wọ ilé tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ wọ̀, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún, kò kí Ráfíátù, kò wojú rẹ̀. "Ẹ sún," nìkan ló sọ. Ó wọ yàrá. Àwọn tó wà níta ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń pàṣẹ, tó ń bínú, tó ń bínú sí ẹ̀jẹ̀, tó ń bínú sí ọmọ, tó ní kí Álímátù má dán an wò, òun kò gùn ún wá láti Ìlọ́fà kó wá kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ó pẹ́. Ọmọ jáde, kò ké. Lẹ́yìn náà ni ohùn kékeré kan dún, ó fẹ́lẹ́, ó sì tún dún. Nígbà tó ṣe, Dámárísì ní ẹ̀jẹ̀ ti dá.

Ráfíátù fà wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Álímátù dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ó ń mí. Dámárísì ti fi ìkọ́ òṣùwọ̀n kọ́ igi àjà. Ọmọbìnrin náà wà nínú aṣọ tí a fi so ó kọ́, ó ń yí díẹ̀díẹ̀, ó ń tàpá.

"Nọ́ọ̀sì," Ráfíátù ní. Ó ti pẹ́ tó ti pè é bẹ́ẹ̀. "Kílò mélòó ni?"

Dámárísì dúró títí ọwọ́ òṣùwọ̀n fi dákẹ́. Ó kà á, ó tún un kà.

"Méjì," ó ní.

Ráfíátù wà lọ́jà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé irin kọ́ igi, ó sì gbọ́ iye kílò tí wọ́n jí. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń sọ̀kalẹ̀ títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé.

Dámárísì kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Inú ṣì ń bí i. Ó tú ọmọ lórí òṣùwọ̀n, ó fi òwú wé e, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé e lé Ráfíátù lọ́wọ́.

"Ẹ gbà á," ó ní. "Ẹ wo bó ṣe wúwo tó."